Nọ́ńbà Tí Àkọ́bí Awọnlẹ̀ Yí Padà

"Ọ̀gá Kékeré, gíga mítà mélòó ni kí dúróònù gbà padà wálé?"

Àbúrò ni bàbá wọn, awọnlẹ̀ tó ń fi dúróònù ya àwòrán ilẹ̀ látòkè, ń pè bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún dúró síbẹ̀, ó gbé àpò bátìrì kọ́ èjìká, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè!

"Mítà ọgọ́fà, Bàbá," ni Àbúrò dáhùn. "Ibi tí a dúró sí yìí ni dúróònù ti máa ka gíga rẹ̀. Òkè iwájú yẹn fi àádọ́rùn-ún mítà ga jù wá lọ. Tí kò bá gbọ́ àṣẹ rìmóòtù wa mọ́ lẹ́yìn òkè, ó gbọ́dọ̀ lè fò kọjá lórí rẹ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi àtàtà! Ìwọ lo máa wà á lónìí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a fi ń jẹun rèé, fojú sí i dáadáa o."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àkọ́bí lọ́kàn. Ta ló kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń tan rìmóòtù? Ṣebí òun náà ni! Lọ́dún tó kọjá, òun ni ọ̀gá.

Bàbá àti Àbúrò lọ ri ọ̀pá ìwọnlẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Àkọ́bí mú rìmóòtù, ó yí ọgọ́fà tí Àbúrò ti tẹ̀ sí i padà sí ọgbọ̀n. Ẹ má sọ pé kò mọ̀ o, ó mọ̀ dáadáa. "Kí Àbúrò já Bàbá kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré," ló ń wí nínú ara rẹ̀.

Dúróònù gbéra, ó kọjá òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti ya àwòrán ilẹ̀ oníbàárà. Kò pẹ́ tí ojú rìmóòtù fi ṣókùnkùn.

"Má fòyà," ni Bàbá wí. "Ó ń bọ̀ wálé fúnra rẹ̀."

Wọ́n dúró títí, wọn ò rí i. Nígbà tí wọ́n rìn yí òkè ká, wọ́n bá a lẹ́sẹ̀ àpáta, apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fọ́. Bàbá yẹ rìmóòtù wò.

"Ọgọ́fà lo sọ, ọgbọ̀n ni mo rí níbí! Irú àìbìkítà wo nìyí? O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́!"

Ohun tí Àkọ́bí ń fẹ́ gan-an nìyẹn, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn rárá. Omijé ṣáà ń bọ́ lójú Àbúrò.

"Èmi ni, Bàbá," ni Àkọ́bí wí. "Èmi ni mo yí i. Mò ń jowú rẹ̀ ni."

Bàbá dá rìmóòtù padà fún Àbúrò. Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo rí yín látòkèèrè nígbà tí ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í, pé ẹ̀ ń bá mi tún un ṣe."

Àkọ́bí ò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ká ní ọmọ náà bú u ni, ì bá sàn.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bọ́ mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jowú ọmọ ìyá yín débi tí ẹ ó fi ṣe é níbi. Wọ́n tún dúróònù ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ di òní, bí Àkọ́bí bá ti fọwọ́ kan rìmóòtù, Àbúrò á gbà á, á rọra yẹ nọ́ńbà inú rẹ̀ wò.