Ilẹ̀ Dà?

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọ náà nínú ilé. Láàárọ̀ Sátidé, ó sáré jẹun, ó sáré wọ bàtà. Bàtà ọ̀tún ló kó sẹ́sẹ̀ òsì, tòsì sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ta ló ráyè wò ó?

Ìyá Kíákíá máa ń tún lífìtì ṣe. Lífìtì ni yàrá kékeré tó ń gbé èèyàn lọ sókè nínú ilé gíga. Ìyá ní fìlà líle, ó ní bẹ́líìtì tó nípọn, ó sì ní tọ́ọ̀ṣì.

Ìyá mọ lífìtì bí ẹni mowó. Síbẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá ṣí, á kọ́kọ́ dúró. Á wolẹ̀, á ní, "Ilẹ̀ dà?"

Bó bá rí ilẹ̀, á dá ara rẹ̀ lóhùn, "Ilẹ̀ rèé." Ìgbà yẹn ló tó ń gbé ẹsẹ̀.

Ó wu Kíákíá gan-an. Kó tó wọ ilé ìwẹ̀, ilẹ̀ dà? Kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ dà? Ọ̀rọ̀ náà ti sú ológbò.

Télọ̀ ni Bàbá àgbà. Ó máa ń kó aṣọ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, gègèrè. Ẹ̀yìn ló fi ń wọ lífìtì, kó lè fa kẹ̀kẹ́ wọlé. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ òun ní ìrìn.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, òun àti Kíákíá ń dúró de lífìtì lókè ilé gíga kan.

Tíǹ-ín! Ilẹ̀kùn ṣí.

Wìnrìn, wìnrìn. Bàbá àgbà ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fa kẹ̀kẹ́.

Kíákíá wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wolẹ̀. Ilẹ̀ dà?

Kò sí ilẹ̀. Kò sí lífìtì. Ihò jíjìn ló wà níbẹ̀, ó ṣókùnkùn biribiri.

Àyà Kíákíá já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré. Ṣùgbọ́n bó bá sáré, á ti kẹ̀kẹ́ lu Bàbá àgbà.

Kò sáré. Ó dúró gbọn-in. Ó di kẹ̀kẹ́ mú.

"Bàbá àgbà, ẹ dúró! Ilẹ̀ dà?"

Bàbá àgbà dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lókè. Ó wẹ̀yìn.

Rọra, rọra, ó gbé ẹsẹ̀ padà. Rọra, rọra, àwọn méjèèjì kúrò níbẹ̀. Wọ́n fara ti ògiri, wọ́n sì pe Ìyá.

Ìyá dé. Ó fi irin dí ẹnu ihò náà. Ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí i, Bàbá àgbà sì nawọ́ sí Kíákíá.

Ìyá kúnlẹ̀, ó gbá a mọ́ra pẹ́. 

"Ọ̀gá ni ọ́," ló wí. "Èmi gan-an ò lè ṣe é jù báyìí lọ."

Nírọ̀lẹ́, Ìyá tún lífìtì náà ṣe tán.

Tíǹ-ín! Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni tó mira.

Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá àgbà kọjú síwájú. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wolẹ̀ dáadáa.

"Ilẹ̀ dà?" ni Kíákíá bi í.

"Ilẹ̀ rèé," ni Bàbá àgbà wí. Ó wá wo ẹsẹ̀ Kíákíá. "Bàtà òsì dà?"