Ìkọ́ Méjì Ẹ̀yìn

Eyín Ìyá Aránṣọ wà nínú ife, ó ń wo Oréke. Búrẹ́dì àná ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi inú ife náà sì ti ń yọ̀. Oréke fi ìka méjì gbé eyín àtọwọ́dá náà bí ẹni gbé òkú aláǹgbá, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Ṣé ó gé ọ jẹ ni?" Ìyá Aránṣọ béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu wọn súnkì bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀.

Oréke ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ olùtọ́jú ní ilé àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn ìlú, nítorí ọmọ tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ ni Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá ibẹ̀, máa ń dúró fún bí onígbọ̀wọ́ láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Oréke ń lá lálàá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé itọ́, ìlédìí àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló kún ojú ọ̀nà ibẹ̀. Bó bá ń pààrọ̀ ìlédìí, èébì á gùn ún dé ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá délé, á fi ọṣẹ bó ọwọ́ títí ọwọ́ á fi pọ́n, síbẹ̀ á ní òun ṣì ń gbóòórùn wọn lára ìrọ̀rí òun.

Ohun kan ṣoṣo tó ń ta sánsán nínú ilé náà ni dírẹ́bà tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó. Afínjú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wù rẹ̀ kì í rún, bàtà rẹ̀ funfun bí òwú, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ọkàn Oréke á fò bí ìyẹ́ tí atẹ́gùn gbé. Ó ti sọ fún un pé kó má pe òun ní bọ̀ọ̀dá mọ́, pé kí ló ń ṣe "ẹ" sí òun fún. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni Oréke ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí.

Ìyá Aránṣọ nìkan ni kò rí ohun àrà kankan lára rẹ̀. Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan. Nígbà mìíràn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n á máa pè ní ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí èyí. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó yí dígí ọkọ̀ kọjú sí ara rẹ̀, ta ló ń bá a wo ẹ̀yìn?" Òótọ́ sì ni. Dígí òkè inú bọ́ọ̀sì, èyí tó yẹ kó fi máa wo àwọn arúgbó, ojú ara rẹ̀ ni Afínjú yí i sí.

Ọjọ́ tí Ìyá Aránṣọ fẹ́ lọ rí dókítà ojú ní ìlú kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Òfin ilé náà kò lọ́jú pọ̀. Ìkọ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ bọ́ọ̀sì, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Olùtọ́jú á fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin de àga onítáyà tí arúgbó jókòó sí, á fà á wò, á de bẹ́líìtì mọ́ arúgbó láyà, òun náà á sì jókòó tì í pẹ̀lú abọ́ èébì, nítorí ọ̀nà oko ni wọ́n ń gbà, kòtò àti kọ́nà ló kún ibẹ̀.

Oréke ti de ìkọ́ méjì iwájú nígbà tí Afínjú fun fèrè. Àwọn ti ẹ̀yìn ti dípẹtà, nǹkan gbígbẹ kan tó jọ èébì sì lẹ̀ mọ́ wọn. Afínjú ti fi áńkáṣíìfù nu àga iwájú sílẹ̀ fún un. Ó ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, àbí ìyá náà fẹ́ fò ni, pé irú èékánná yìí kò yẹ lára ìpẹtà. Oréke wo ìkọ́, ó wo áńkáṣíìfù. Ó de bẹ́líìtì mọ́ ìyá láyà, ó sì lọ jókòó níwájú.

Bí wọ́n ṣe kúrò lórí ọ̀dà, Afínjú kò dín eré kù. Ọwọ́ kan wà lórí ìtọ́kọ̀, èkejì ń fi àwòrán han Oréke lórí fóònù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wọn, eruku rẹ̀ dí gbogbo ojú ọ̀nà. Afínjú yà á sílẹ̀ láìmọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, ó sì rẹ́rìn-ín. Oréke náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà rẹ̀ ti já. Ìyá Aránṣọ pè láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n rọra, inú òun ń rú. Afínjú yí rédíò sókè. Oréke gbọ́ wọn dáadáa. Kò bojú wẹ̀yìn.

Agbo àgùntàn ló wà lẹ́yìn kọ́nà, wọ́n ń rìn bí ẹni pé àwọn ló ni ayé. Afínjú tẹ ìjánu. Òkúta wẹ́wẹ́ yọ̀ lábẹ́ táyà, bọ́ọ̀sì fì sọ́tùn-ún, fì sósì, ó sì fi imú sọlẹ̀ nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn, àga onítáyà gbé ìdí sókè, ó dojú dé pẹ̀lú ìyá nínú rẹ̀. Ìró tí Oréke gbọ́ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí igi gbígbẹ dá.

Afínjú sọ̀ kalẹ̀. Imú bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ó wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó rí Ìyá Aránṣọ tí wọ́n dojú bolẹ̀ nínú èébì ara wọn, tí apá ọ̀tún wọn lọ́ síbi tí apá kì í lọ́ sí, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ìwọ lọ gbé e," ó ní. "Mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan yẹn."

Nǹkan yẹn.

Oréke kúnlẹ̀ sínú èébì náà. Ó tú bẹ́líìtì, ó gbé orí ìyá lé itan, ó fi ìka yọ eyín àtọwọ́dá tó fẹ́ há wọn lọ́fun, ó sì fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ẹnu wọn. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò gbóòórùn kankan. Ohun tó ń rùn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà funfun.

Darandaran tó ń da àwọn àgùntàn náà sáré lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe ń dúró dè é, Afínjú sún mọ́ Oréke, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tí kò sí èébì.

"Gbọ́, olólùfẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ tí Oréke ti ń retí láti ìgbà yìí wá nìyẹn. "A ó sọ pé ìyá yìí ló tú ìkọ́ fúnra rẹ̀. Arúgbó tó ń pe ìgbálẹ̀ ní ọmọ, ta ni yóò bi í ní ohunkóhun?"

Oréke mọ̀ pé bí òun bá gbà, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò ní bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó tún wo ojú tó ń dán yẹn. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Láti ọjọ́ tó ti ń fọ ìlédìí, irú ìríra yìí kò gùn ún rí.

"Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá dírẹ́bà."

Gbogbo rẹ̀ ló rò fún Mátírọ́ọ̀nù, títí kan ìkọ́ méjì tí òun fúnra rẹ̀ kò dè. Mátírọ́ọ̀nù kò pariwo. Wọ́n lé Afínjú lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn kò ní dúró fún Oréke lọ́dún yìí. Kó ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ ná. Àbúrò ìyá rẹ̀ bínú títí, kò fẹ́ rí i sójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí Oréke tó jáde ní ọ́fíìsì, Mátírọ́ọ̀nù pè é padà.

"Ìríra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Èmi náà máa ń di imú. Àmọ́ a kì í torí ìríra fi ìkọ́ sílẹ̀."

Apá tí Ìyá Aránṣọ fi rán aṣọ fún ìdajì ìlú kò lè gbé ife mọ́. Oréke ló ń bọ́ wọn. Nítorí pé wọ́n ń gbàgbé, ní àràárọ̀ ni wọ́n ń wo apá náà bí ohun tuntun, tí wọ́n á sì béèrè ẹni tó ṣe é.

"Èmi ni, Mà. Mi ò de ìkọ́ ẹ̀yìn, mo lọ jókòó ti dírẹ́bà."

Wọ́n á tún béèrè, "Dírẹ́bà náà, ṣé ó rẹwà?"

"Ó rẹwà, Mà."

"Ó mà ṣe o. Ṣé o ti bẹ̀ mí?"

"Mo bẹ̀ yín, Mà."

"Ó dáa. Fọ eyín mi wá."

Oréke á gbé ife náà, á fi ọwọ́ méjèèjì fọ̀ ọ́, kò sì ní yíjú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdọ̀tí tí omi àti ọṣẹ lè mú kúrò kò tó nǹkan. Ẹni tó ń sáré lójú ọ̀nà burúkú kí wọ́n lè yìn ín, tó sì fẹ́ fi irọ́ bo ẹni tó ṣe léṣe, òun ni kí ara yín kọ̀, bó ti wù kó fín tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ de ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọkọ̀ tó gbéra.