Orúkọ Méjì fún Imú Kan

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Iṣẹ́ mi ò ju kí n jókòó síwájú ilé mi ní Ìgbó-Ọrà, kí n máa fi àwọn tó ń kọjá ṣe ẹlẹ́yà. Bí àrùn kòrónà ṣe ń wọ ara èèyàn, ẹ lọ bi dókítà. Bó ṣe wọ ara obìnrin tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún méje, ìyẹn náà, ẹ má bi mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè jẹ́wọ́ ni pé èmi ni mo kọ orúkọ obìnrin náà sínú ìwé.

Ọdún 2020 yìí náà ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò kòrónà á wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó yá, rédíò kéde pé àyẹ̀wò ń bọ̀ wá bá wa nílé, ní gbogbo Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìdèrè, fún tolórí tẹlẹ́mù. Ẹ̀yin á rò pé ìlú á yọ̀. Ìlú sá. Wọ́n ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ imú yẹn ń dé inú ọpọlọ, pé ó ń fa ọgbọ́n jáde. Mo ní kí àwọn kan nínú wọn fọkàn balẹ̀, pé igi náà ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Àkíbù alápatà kó ìyàwó kékeré méjì sá lọ sóko, ó fi ìyáálé sílẹ̀ kó wá ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo wọn. Pásítọ̀ àdúgbò wa ní àdúrà ni ìbomú òun. Ààfáà ní kò sí ohun tó ń jẹ́ kòrónà, àmọ́ láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ló ti ń kí èèyàn.

Àwọn aláyẹ̀wò gbà mí pé kí n máa bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Abẹ́ kánópì kan ní pápá ilé-ìwé la jókòó sí, èmi àti Nọ́ọ̀sì Keturah, ọmọ Ìdèrè, ọ̀dọ́bìnrin tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ kìíní, ewúrẹ́ méjì ló wá. Lọ́jọ́ kejì, èrò wá, ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo ejò.

Ìyá Ìbejì Onígàárì ló kọ́kọ́ jáde. Ìlú ìbejì nìlú wa, agboolé tí kò ní wọn ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ti ìyá yìí yàtọ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé rẹ̀ jọra débi pé ọkọ Kẹ́hìndé a máa béèrè orúkọ kó tó dáhùn ìkíni. Lọ́dún méje sẹ́yìn, Táyé lọ níbi ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ẹ̀yìn yàrá ìyá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ìyá bá rà fún Kẹ́hìndé, á ra irú rẹ̀ fún Táyé, aṣọ, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, á tò wọ́n sínú àpótí. Bí Kẹ́hìndé bá ń jẹun nílé ìyá rẹ̀, àwo kejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àṣà wa ni. Kò sẹ́ni tó ń fi ṣe ẹlẹ́yà, àfi èmi.

Kẹ́hìndé tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Láti ibi tó ti ń yan gàárì ló ti ń bọ̀, eruku funfun ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ẹ ṣe é fún un," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n. Ẹ ò ní ṣe ti ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Èmi wo àwọn èrò tó wà lókèèrè. Bí ìyá yìí bá pẹ̀yìn dà, gbogbo wọn ló máa pẹ̀yìn dà.

"Màmá, igi kan la ní fún imú kan," ni Keturah rọra sọ.

"Ihò mélòó ló wà nímú ọmọ mi?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ìyá ti borí rẹ. Ihò ọ̀tún fún Kẹ́hìndé, ihò òsì fún Táyé. Jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Mo kọ fọ́ọ̀mù méjì. Nígbà tí mo dé ibi nọ́ńbà fóònù Táyé, Kẹ́hìndé kà á fún mi láìronú, nọ́ńbà tí kò dún láti ọdún méje. Inú ìyá dùn. Àwọn èrò náà sì wá tò, àfi bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń pín ìrẹsì.

Nírọ̀lẹ́, Keturah na ìgò kékeré tí mo kọ Táyé sí lára sí mi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da èyí nù."

Mi ò dà á nù. Mo ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn náà bá wa wò ó bóyá ara Táyé le. Mo tì í sáàárín àwọn yòókù nínú kúlà. Ìgò náà tutù ju yìnyín tó wà níbẹ̀ lọ. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Keturah wá bá mi nílé. Kò jókòó.

"Kẹ́hìndé ò ní in," ó ní.

"A dúpẹ́."

"Táyé ní in."

Imú kan náà ni. Ọjọ́ kan náà ni. Mo ní ẹ̀rọ àwọn ará Ìbàdàn ló ṣàṣìṣe, kó pè wọ́n. Ó pè wọ́n níwájú mi, ó sì jẹ́ kí n gbọ́. Ọkùnrin tó gbé e ní ká má dààmú, àwọn ti bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀.

"Ó ń wúkọ́ díẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ní ẹ̀yìn yàrá ìyá òun lòun wà, pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, atẹ́gùn ò sì tó òun. A máa wá fọkọ̀ gbé e lọ́la."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ̀, kò jáde.

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kejì ni áńbúláǹsì dé iwájú ilé Ìyá Ìbejì. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn ti. Mo sáré lọ, Kẹ́hìndé náà fi gàárì sílẹ̀ lórí iná, ó wá dúró tì mí.

"Ẹ padà," mo sọ fún awakọ̀. "Àṣìṣe ni. Kò sí aláìsàn nílé yìí."

"Bàbá, ó ti wọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ jáde."

Mo wo gíláàsì ẹ̀yìn. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó bomú. Àǹkárá tó wọ̀ ṣì le, ó ṣì ń dán, ìlà ibi tí wọ́n ká a sí ṣì hàn lára rẹ̀. Irú rẹ̀ gan-an ló wà lára Kẹ́hìndé, àmọ́ tiẹ̀ ti ṣá.

Kẹ́hìndé di apá mi mú. "Tíṣà," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "àbúrò mi nìyẹn."

Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó ń juwọ́ sí ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹ má bi mí bí èèyàn ṣe ń dín kù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Ọwọ́ tó ń yan gàárì láti àárọ̀ wá tutù bí omi àmù. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ bá mi pa orúkọ yẹn rẹ́, Tíṣà. Ohun tí Táyé bá jẹ níbẹ̀, ebi rẹ̀ ló ń pa mí níbí. Lánàá, ọkọ mi jókòó tì mí, ó wá ń bi àwọn ọmọ pé níbo ni màmá yín lọ."

Mo búra fún un pé màá pa á rẹ́. Mo pe Ìbàdàn. Obìnrin kan ló gbé e.

"Àwa náà ti rí i, bàbá," ó ní. "Orúkọ méjì, ọjọ́ ìbí kan, ìyá kan, ojúlé kan. Ẹni kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. A ti yọ èkejì kúrò."

Ara mi balẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an. Táyé lẹ yọ, àbí?"

"Rárá o. Táyé wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbí, ó ń jẹun, dókítà ń rí i lójoojúmọ́. Kẹ́hìndé la ò rí. Òun la yọ."

Mo sáré dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàárì. Iná ń jó. Gàárì inú agbada ti ń di dúdú, kò sẹ́ni tó ń rò ó. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí ní, "Kẹ́hìndé? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbí báyìí ni." Wọ́n ń wo ibi tó máa ń jókòó sí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ gbé Táyé padà wá. Ìdajì ìlú sá. Wọ́n ní Kẹ́hìndé sá fún àrùn, pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Lánlátẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lọ wò ó. Táyé jókòó ti agbada. Fún ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó ra gàárì rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rà á. Ebi ò mọ ẹni tó yan gàárì.

Àwọn aláyẹ̀wò tún ń padà bọ̀ lọ́la, rédíò ti kéde rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sá. Láti ìdájí làwọn ìyá arúgbó ti tò síwájú ilé mi, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, oníkálukú pẹ̀lú ìbejì rẹ̀ tó kù láyé, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tó fẹ́ kí n bá òun kọ sílẹ̀.

Màmá Salome ló wà níwájú. Malachi ọmọ rẹ̀, ìbejì tó kù fún un láyé, ló fi ọ̀kadà gbé e wá. Mo fa Malachi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ fún un, láti orí imú dórí agbada. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tíṣà! Ẹ̀yin àti ẹ̀fẹ̀ yín!" Ó padà sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ṣíná sí i. "Ẹ kọ orúkọ náà fún màmá jàre, èrò wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ sí Èrúwà. Kí lẹ ń dúró dè?"