Oògùn Inú Páálí Òdòdó

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Àyọ̀kẹ́ Awóníyì fi ọ̀bẹ la téèpù orí páálí náà, ó sì fajú ro. Kì í ṣe òórùn ewé tó jẹrà nìkan. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ta èèyàn nímú.

Ó tú bébà ìròyìn tí wọ́n fi wé ọjà náà. Ọ́kíìdì mẹ́fà ni, òdòdó olówó gọbọi tí ìtànná rẹ̀ lè lo oṣù méjì kó tó rẹ̀. Gbòǹgbò wọn ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Síbẹ̀, ewé wọn ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó fọwọ́ kan ìtànná kan, ó já bọ́. Gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi.

Ìgbà kejì rèé. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Màdáámù Ìmísí ará Jọ́ọ̀sì ló ń tà á fún un lórí fóònù. Adébáyọ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn olódòdó Ifẹ̀ ní ìtọ́jú ọ́kíìdì, ló fún Àyọ̀kẹ́ ní nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí páálí àkọ́kọ́ bàjẹ́, Màdáámù ní ọ̀nà ló bà á jẹ́, kí Àyọ̀kẹ́ dá a padà, òun á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àrọ́pò náà ló wà nílẹ̀ yìí.

Ó wọlé lọ mú fóònù kó lè ya fọ́tò. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà sẹ́yìnkùlé. Fàrídà, ọmọ ọdún mẹ́ta tí Bushrah alábàágbélé rẹ̀ bí, ti jókòó ti páálí. Ìtànná kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti wà lẹ́nu.

"Tu ú! Fàrídà, tu ú dànù!"

Ọmọ náà tu ú. Àyọ̀kẹ́ bomi fọ ẹnu rẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí Bushrah fi máa sáré jáde nínú yàrá, itọ́ ti ń dà lẹ́nu ọmọ náà láìdúró, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè.

Wọ́n gbé ọmọ náà àti páálí lọ sí ọsibítù. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú Fàrídà. Dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

"Oògùn kòkòrò nìyí. Èwo ni?"

"A ò mọ̀, dókítà."

"A ti ń fún un lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn kòkòrò kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ bá mi wá orúkọ ohun tí wọ́n fọ́n sí i. Ẹ má pẹ́."

Bushrah di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Kò sunkún. "Mọ́mì," ó ní, "òdòdó yín ni."

Àyọ̀kẹ́ bọ́ síta, ó tẹ nọ́ńbà Màdáámù Ìmísí.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fọ́n sí ọ́kíìdì yẹn? Ọmọ kan ti fi sẹ́nu."

Ohùn tín-ínrín kan dáhùn. "Mi ò fọ́n nǹkan kan sí i."

"Ọmọ ń kú lọ!"

Lójijì ohùn náà ki, ó di ohùn ọkùnrin. "Ìyá, mo mọ ilé ẹ l'Òkè-Ogbó. Mo mọ géètì ẹ tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé. Bí o bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibì kankan, ohun tí ojú ẹ bá rí, ìwọ lo fà á."

Ó pa fóònù. Àyọ̀kẹ́ bi ara rẹ̀ léèrè. Ta ni ará Jọ́ọ̀sì tó mọ géètì òun? Ó pe Adébáyọ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí kò mọ ẹlòmíràn tó lè mọ ẹni náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì," Adébáyọ̀ ní. "Ẹ má tíì lọ bá ọlọ́pàá o. Ẹ lọ sílé, ẹ dúró dè mí níbẹ̀. Páálí yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ wa ní ọsibítù."

"Ta ló ní kí ẹ gbé e débẹ̀?" Ó bú mọ́ ọn lójijì. Lẹ́yìn náà ló rọ ohùn rẹ̀. "Ẹ ṣáà máa lọ sílé."

Àyọ̀kẹ́ ti dá ọ̀kadà dúró kí Bushrah tó fà á láṣọ lẹ́yìn. Bushrah ti tẹ̀lé e jáde, ó sì ti gbọ́ ohùn Adébáyọ̀ nínú fóònù. "Mọ́mì, kí ló dé tí kò fẹ́ kí ẹ rí ọlọ́pàá? Ẹ má lọ sílé yẹn."

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀kadà náà gbé e lọ. Sájẹ́ǹtì Mojíre, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbọ́ ọ tán, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ta ló gbé páálí náà wá?"

"Sànúsí, awakọ̀ ni."

Wọ́n bá Sànúsí ní gáréèjì, ó ń dúró kí èrò kún ọkọ̀.

"Ṣé láti Jọ́ọ̀sì lo ti gbé páálí yìí?" Mojíre bi í.

"Jọ́ọ̀sì kẹ̀? Ìbàdàn ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀."

"Ta ló wá gbé e fún ẹ?"

Sànúsí wolẹ̀. "Ó ní kí n má sọ."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Sọ ọ́, àbí kí n tì ẹ́ mọ́lé."

"Ọkùnrin kan ni, mà. Ẹ̀bá títì ní Ẹdúnàbọ̀n ló ti máa ń dá mi dúró, níwájú ilé adìyẹ kan tó ti dahoro. Wallahi, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ọkọ̀ Sànúsí náà ni wọ́n wọ̀, Mojíre, ọlọ́pàá méjì àti Àyọ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ẹdúnàbọ̀n, èéfín dúdú ń rú lẹ́yìn ilé adìyẹ náà. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iná, ó ń ju páálí sí i. Ó gbójú sókè.

Adébáyọ̀ ni.

Ó fò sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó kọrí sínú oko kòkó. Mojíre gbá tẹ̀lé e. Taya yọ̀ lórí ewé gbígbẹ, ọ̀kadà ṣubú, Adébáyọ̀ dìde, ó ń tiro sá lọ láàárín igi. Wọn ò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n Sànúsí mọ ibi tí ọ̀nà oko náà já sí. Ó yí ọkọ̀ po, ó sì dábùú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bí Adébáyọ̀ ṣe yọ, àyà ọlọ́pàá ló sáré bọ́ sí.

Wọ́n fà á padà sí ilé adìyẹ. Ọ́kíìdì jíjẹrà kún inú rẹ̀, pẹ̀lú gúlúù àti ìgò mẹ́rin. Ó ti ha bébà ara gbogbo ìgò náà kúrò.

"Orúkọ oògùn yìí?" Mojíre bi í.

"Omi lásán ni."

"Orúkọ rẹ̀!"

"Ẹ mú mi lọ sí kóòtù. Mi ò sọ nǹkan kan."

Fóònù Àyọ̀kẹ́ dún. Bushrah ni. "Mọ́mì, wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i nímú. Kò dá mí fúnra rẹ̀ mọ́."

Àyọ̀kẹ́ fi láílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́, ó mú ọ́kíìdì kan tí ewé rẹ̀ ń dán, ó sì gbé e dé ètè Adébáyọ̀.

"Omi lásán ni, àbí? Jẹ ẹ́."

Adébáyọ̀ fà sẹ́yìn.

"Jẹ ẹ́! Fàrídà jẹ ẹ́!"

"Ẹ gbé e kúrò!" Ó yíjú, òógùn bò ó. "Mo ní kí ẹ gbé e kúrò! Oògùn kòkó àtijọ́ ni, èyí tí ìjọba ti fòfin dè. Mo po méjì pọ̀ ni." Ó dárúkọ méjèèjì. Mojíre ti pe dókítà, ó mú kó tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti gbọ́," dókítà ní. "Ó yé mi wàyí."

Ìyókù tú jáde lẹ́nu Adébáyọ̀ níbi tó jókòó sí. Kò sí Màdáámù Ìmísí kankan, òun ló ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Òdòdó tí wọ́n bá dá padà ló ń fọ́n lóògùn kó lè dán, tó tún ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Páálí mẹ́ta ló kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà: Ìwó, Ìbàdàn, Ẹdẹ. Mojíre pe Ìwó, ó pe Ìbàdàn, páálí ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti Ẹdẹ dún títí, ó gé. Wọ́n tún un pè.

"Ta nìyẹn?" Ìyá àgbà kan ni.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Ṣé wọ́n gbé páálí òdòdó wá fún yín?"

"Ó wà níwájú mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fẹ́ kí n tú u."

"Ẹ má tú u! Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀!"

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Àyọ̀kẹ́ padà dé ọsibítù. Fàrídà sùn, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ nímú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àyọ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Bushrah, èmi ni mo fi páálí yẹn sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó o. Forí jì mí."

Bushrah sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá jókòó, Mọ́mì. Ó la ojú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní níbo lẹ wà."