Ẹ Má Pa Zubair!

Gbàù! Gbàù!

Ilẹ̀kùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè fọ́ yángá-yángá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Fóònù, láptọ́ọ̀pù, ẹ kó o jáde! Èmi Zubair nìyí! Ọta ìbọn gan-an ń kí mi ní bàbá!"

Fìììì-ọ̀ọ̀! Mọ́tò ọlọ́pàá ya wọ àdúgbò!

Zubair àti Jedidiah, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, fò sínú Camry dúdú wọn. Vùùùùm! Ó di ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú mọ́tò ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé wọn. Ajíbádé ń wakọ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ Bashiru jókòó tì í. Sájẹ́ǹtì Shukurat dá wà lẹ́yìn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń dá wà. Ní oṣù tó kọjá, Bashiru yìnbọn pa Luqman, ọlọ́kadà kan, lójú ọ̀nà Mamu, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ Zubair ni. Shukurat wà níbẹ̀. Ọwọ́ òfìfo ni ọmọ náà nà sókè! Shukurat fi ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, ní Abẹ́òkúta.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun mọ́ ní bárékè. Bó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu gbogbo wọn.

Ajíbádé ńkọ́? Ajíbádé tó ti mú un lọ han ìyá rẹ̀, tó ń pè é ní "Ṣúkúrá, oyin inú afárá mi"? Ojú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Àmọ́ nígbà tí Ọ̀gá Hannah, olùwádìí láti Abẹ́òkúta, bi í, ó ní: "Mi ò rí nǹkan kan, mà."

"Ẹnu tìẹ nìkan ò tó," Ọ̀gá Hannah sọ fún Shukurat. "Bashiru ní olè ni ọmọ yẹn. Ta ló máa jẹ́rìí pé kì í ṣe olè?"

Ẹnì kan ló kù tó lè jẹ́rìí náà: Zubair, olórí olè fúnra rẹ̀.

Bashiru náà mọ̀. Ó ki ọta bọ ìbọn. "Lónìí, a ò mú ẹnikẹ́ni láàyè. Ọlọ́fòófó ẹ̀yìn yẹn, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́, sà."

Tatatatà! Ọta ń dún, táyà ń han. Wọ́n kọjá Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n kọjá Àbígì. Oòrùn ti yọ kí Camry tó rì sẹ́rẹ̀ létí ọ̀sà, ní Òde-Omi.

Jedidiah ni ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ mọ́tò, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ kú wàhálà o! Ọ̀gá mi ti wọkọ̀ ojú omi lọ. Bó bá ti so oǹdè, oògùn rẹ̀, mọ́dìí, tí kò sì fọhùn, ojú yín á kàn máa fò ó ni!"

Àwọn ọlọ́pàá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ bàbá apẹja kan. Apẹja kún ojú omi, akẹtẹ̀ bo gbogbo wọn lójú. Èwo ni Zubair níbẹ̀?

Bàbá ń wa ọkọ̀, ó ń kí wọn lọ. "Ẹ kú ojú omi o!"

"Òoo! Ẹ kú ewu o, bàbá!"

"Ẹ kú ojú omi o!"

"Òoo! Ọlọ́run á pèsè!"

"Ẹ kú ojú omi o!"

Kẹ́kẹ́ pa. Ọkùnrin náà ń fa àwọ̀n rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá dáwọ́ ọkọ̀ dúró. "Èyí kì í ṣe ọmọ odò. Níhìn-ín, ọ̀tá ẹni pàápàá là ń dá lóhùn. Bí ọkọ̀ ẹ bá dà, ta ló máa yọ ẹ́?"

Ó yé Shukurat lójijì. Oǹdè ò gbà kó fọhùn! "Zubair!" ó ké. "Ju ìbọn ẹ sómi!"

Zubair já akẹtẹ̀ sọnù, ó fa ìbọn yọ. Gbàù! Ìbọn tì í sẹ́yìn, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, jàbúù! Ìbọn rì. Òun nìkan ló rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, tó ń pọ omi lẹ́nu.

Bashiru na ìbọn sí i.

Shukurat dìde dúró síwájú ẹnu ìbọn. Ọkọ̀ ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ.

"Kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ pa èmi náà, sà. Láti èbúté ni mo ti pe Ọ̀gá Hannah. Ó ń gbọ́ gbogbo wa." Ó gbé fóònù sókè, ó kọjú sódò. "Zubair! Luqman, ọlọ́kadà Mamu, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ yín ni?"

"Ọmọ ẹgbẹ́ kẹ̀?" Zubair wúkọ́. "Ọmọ ìyá, àwa la gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹ̀! Ó rí mọ́tò yín, ó ń sáré bọ̀, ó ń ké pé, 'Ọlọ́pàá, ẹ gbà mí!' Inú igbó la ti ń wò ó."

Omi ń lu ọkọ̀, pàà, pàà.

Ohùn jáde nínú fóònù. "Ìnsípẹ́kítọ̀ Bashiru, gbé ìbọn ẹ fún sájẹ́ǹtì. A ti ń bọ̀ lọ́nà."

Bashiru gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n fa Zubair wọ ọkọ̀, wọ́n dè é. Bàbá yí ọkọ̀ padà sí èbúté. Ajíbádé wá fi èjìká kan Shukurat, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra tuntun.

"Ṣúkúrá mi, dárí jì mí. Ẹ̀rù ló bà mí kí iṣẹ́ má bọ́. Mo máa sọ fún wọn báyìí. Nítorí tìẹ ni."

Shukurat wo ojú tó máa ń lá lálàá. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún.

"Má sọ ọ́ nítorí tèmi, Ajíbádé. Kì í ṣe èmi ni mo ké pé, 'Ọlọ́pàá, ẹ gbà mí!'"

Ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra gba àárín ọkọ̀ kọjá, ó lọ jókòó ti olè.