Sáfà Tí Kò Dáhùn

"Ṣé o ti parí ẹ̀ ni?"

"Mo ti parí ẹ̀, Àǹtí. Ẹ wá wò ó."

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé àti níléèwé, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó lè jẹun tán kí àwọn yòókù tó fọwọ́ ni. Ó ń lo ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń bójú tó àwọn sáfà ilé ìwòsàn, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Àǹtí ní kó kọ àwọn àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tó ń kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Bí sáfà kan bá kú, ẹ̀dà yẹn ni wọn yóò sáré lọ gbé.

Ìdáhùn tò rẹrẹ lójú kọ̀ǹpútà. Àǹtí gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ọmọ yìí, orí ẹ pé! Ọ̀gá wa gbọ́dọ̀ rí èyí."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Kíákíá nígbà tí ojú rẹ̀ kan ìdáhùn sáfà ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Ibi tí sáfà àwọn aláboyún, tó wà lókè rẹ̀, dárúkọ gan-an ni òun náà dárúkọ. Ó yára yẹ àwọn àṣẹ rẹ̀ wò. Sáfà àwọn ọmọdé kò dáhùn rárá. Àṣẹ tó fi ìkánjú kọ ló tún ìdáhùn ti ìṣáájú kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́wọ́ àṣìṣe nígbà tí ìyìn ṣì ń dùn létí? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni sáfà àwọn ọmọdé kú. Àǹtí kò mikàn. "Ẹ fọkàn balẹ̀, a mọ ibi tí ẹ̀dà ẹ̀ wà," ló sọ fún dókítà. Ó ṣí ibẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn aláboyún nìkan ló bá. Ó tún un wò, òógùn bò ó.

Kíákíá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́kún. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Sáfà yẹn ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i, mi ò sọ."

Àǹtí yíjú sí i. Kò pariwo. "Ká ní o sọ ni, ǹ bá ti wádìí, ǹ bá ti rí i pé kò ní ẹ̀dà kankan. Èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Ìyá kan wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ara ọmọ náà gbóná janjan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, oògùn kan wà tí ara ẹ̀ kì í gbà. Díẹ̀ ló kù kó pa á nígbà kan. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Dókítà wo Àǹtí. Àǹtí mirí pé kò sí. Dókítà rọra gbé abẹ́rẹ́ tó fẹ́ fún ọmọ náà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi omi tútù nu ọmọ náà lára ná, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo àyẹ̀wò látìbẹ̀rẹ̀.

Kíákíá fọwọ́ lẹ́rán. Kò sí ohun tó lè kọ, kò sí ohun tó lè tẹ̀, tó lè dá orúkọ oògùn náà padà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin ọmọ; èyí tí a rí tí a fi pa mọ́ nítorí ìyìn ni ẹlòmíràn ń bá wa jìyà rẹ̀.

"Ẹ bá mi tún un wò dáadáa," ìyá náà ń bẹ Àǹtí. "Wọ́n ní ó wà níbẹ̀."