Ẹ̀wù Òjé Lórí Àga Òfìfo

Fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ni ó jáde nínú omi oògùn pẹ̀lú eegun àyà ọkùnrin lára rẹ̀.

Obìnrin tí ó ń fọ̀ ọ́ mọ̀ dájú pé òun kò tan ẹ̀rọ. Òun ni ó ń ya àwòrán eegun ní ilé ìwòsàn náà; Màmá Eegun-kì-í-purọ́ ni àwọn aláìsàn ń pè é. Àṣìṣe kan ni ó ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà: ó ti ki fíìmù sínú àpótí rẹ̀ kí aláìsàn tó dé, ó sì fi í ti ògiri. Òjò dé, aláìsàn kò dé. Kí mànàmáná tó kọ, ẹnu obìnrin náà korò bí ẹni tó lá irin.

Ó gbé fíìmù sójú iná. Eegun èjìká òsì ti kán rí. Wáyà irin ni wọ́n fi so ó. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ẹni tó ni ín. Èjìká ọkọ rẹ̀ ni.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ wíwo ojú ọjọ́ ni ó ń ṣe lórí òkè, ibẹ̀ ni ààrá ti bá a lórí òpó irin. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: “Ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ. Ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú ìkùukùu òjò tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún tìrẹ. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti jáde, ó ti lọ. Ojú ò lè rí i, ara ló ń là kọjá.”

“Ṣé òun náà máa ń ya eegun?”

“Ta ni yóò gbé fíìmù dè é?”

Ní òjò kejì, obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ gbé fíìmù dè é. Nínú àwòrán tuntun náà, ọkùnrin náà ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí ó dúró sí nínú ti àkọ́kọ́, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ní òjò kẹta, eegun ènìyàn méjì ni ó hàn: ti obìnrin, àti ti ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Láti ọjọ́ náà ni èjìká yẹn ti tutù, tí apá rẹ̀ sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kan náà, wo fíìmù náà títí. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

“Màmá, bàbá ń bọ̀ wá mú yín lọ ni. Ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kó kúrò níbí.”

“Ká kó lọ síbo? Ibo ni òjò kì í rọ̀ dé?”

“Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín?”

“Ó bà mí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ gun òpó lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n má gùn ún. Wọn ò gbọ́ tèmi nígbà tí wọ́n lẹ́ran lára. Èmi wá fẹ́ gbọ́ tiwọn nígbà tó ku eegun?”

“Olóríkunkun ló bí mi.”

“Méjì ló bí ọ.”

Nígbà tí òjò kẹrin ṣú, ó lé ọmọ jáde, ó tilẹ̀kùn. Ó gbé fíìmù ti ògiri. Ẹ̀wù òjé wà lára ìkọ́, ẹ̀wù wúwo tí àwọn oníṣẹ́ ẹ́síréè máa ń wọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà la ara wọn kọjá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọmọ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wọ̀ ọ́. Kò wọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù wọ́ ọ dé orí àga òfìfo, ó jù ú síbẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sókè, “n kò bá yín lọ. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń gbé yín kiri. Ẹ wọ aṣọ yìí, kó má baà lè là yín kọjá mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ jókòó. Èmi ní aláìsàn lówùúrọ̀ ọ̀la.”

Ẹnu rẹ̀ korò. Ààrá sán. Òtútù ṣí kúrò léjìká rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

Nígbà tí ó fọ fíìmù náà nínú yàrá òkùnkùn, eegun tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Níbi àga, òjé ti dí ìmọ́lẹ̀, gbogbo ibẹ̀ funfun báláú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ jù sílẹ̀ wúruwùru ti nàró nínú àwòrán náà, èjìká rẹ̀ kún, àyà rẹ̀ yọ síta.

Ó jáde kúrò nínú yàrá òkùnkùn. Ẹ̀wù náà jókòó lórí àga. Okùn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò so, ti wà ní síso sí ẹ̀gbẹ́ òsì, bí ẹni tí èjìká ń dùn ṣe máa ń so ó.

Obìnrin náà wò ó títí. Ó fa àga tirẹ̀, ó jókòó kọjú sí i.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bọ́ ọ fún mi. Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe.”

Ọrùn ẹ̀wù náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ọkùnrin tó gbọ́ràn nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín.